Bí Mo Ṣe Lọ Mú Ọmọ Mi Wálé Láti Ọ̀tà, Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Ẹ̀yin ará Ìkìrun tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà, tí ẹ ń rọra bi mí pé, "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi ojú lásán jẹ èèyàn ní Ọ̀tà?", mo ti dáhùn títí ohùn mi fi há. Ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá lè kà á, kó kà á. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó pe ọmọ rẹ̀ jókòó tì í. Ohun tí ojú mi rí ni n óò sọ. N kò ní bù mọ́ ọn, n kò sì ní fi ẹ̀rù tó bà mí pamọ́. Ẹ̀rù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà, ẹ̀rù ni mo fi dé ìdí rẹ̀, ìyókù rẹ̀ ṣì wà lára mi bí mo ti ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ tó lé mi kúrò nílé

Ìgbà Sáàpù ni, ètò ìjọba tó sọ owó wa di yẹpẹrẹ. Ẹ kò tíì gbàgbé: ìgbà tí wàrà alágolo di ohun tí a ń gbé kalẹ̀ fún àlejò pàtàkì nìkan, tí mọ́tò tuntun dàwátì, tí àtolówó àtòtòṣì ń ṣa òkìrìkà nílẹ̀ ọjà. Bísí ọmọ mi àti Ráfíù ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó, ti ń gbé ní Sángò-Ọ̀tà láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra. Ráfíù ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ onítánganran, Bísí ń ránṣọ. Nígbà tí owó òyìnbó wọ́n, tí irin tí wọ́n fi ń ṣe abọ́ kò wọlé láti òkè òkun mọ́, iléeṣẹ́ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi ná. Ìsinmi náà kò lópin.

Èyí kò tíì bà mí lẹ́rù. Ebi ni, a sì mọ ebi. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni ọ̀rọ̀ tí ọmọ ìlú wa kan mú wá nígbà tó wálé láti wá sìnkú. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Tíṣà, Bísí ló ń rán aṣọ tí wọ́n fi ń ṣọdún àwọn ìyá ní Ọ̀tà. Ọkọ rẹ̀ ló máa wọ̀ ọ́ jó."

Mo ní, "Àwọn ìyá wo?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Àwọn ìyá ni mo wí, sà. Ẹ má jẹ́ kí n dárúkọ wọn."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ní lọ́kàn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé Ọ̀tà ni ilé àwọn àgbà obìnrin tí ń fò lóru. Ẹ sì mọ bí a ṣe tọ́ wa nípa Egúngún. Ohun tó wà lábẹ́ agọ̀, ẹnu obìnrin kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, atẹ́gùn gbé etí agọ̀ kan sókè níwájú ilé wa. Ìyá mi kò wo ẹ̀ẹ̀mejì kó tó ti ojú mi mọ́lẹ̀, iyanrìn sì kún ẹnu mi. Ẹ wá wò ó: ọmọ mi obìnrin ń rán agọ̀, ọkọ rẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ìlú ń wọ̀ ọ́, ní Ọ̀tà. Ewu méjì ló wé mọ́ra wọn.

Ìyá Bísí kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ lọ mú un wá. Bí ẹ kò bá lọ, n óò fẹsẹ̀ rìn ín." Ìdí nìyẹn tí mo fi gbéra. N kò lọ ṣe ìbẹ̀wò, n kò lọ wòran. Mo lọ mú ọmọ mi wálé ni.

Ìmọ̀ràn àwọn èrò ọkọ̀

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ gbó jù mí lọ, ó sì ń mí hẹlẹ bí ẹni tó gun òkè. Obìnrin kan tó gbé ọmọ sí itan jókòó tì mí.

Ó ní, "Bàbá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ọ̀tà ni, ọmọ mi."

Àwọn èrò yíjú sí mi. Obìnrin náà rọra fa aṣọ bo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ewu o. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, tí a bá pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọmọ mi lójú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè ni ẹ̀rín tèmi mọ. Ọkùnrin kan lẹ́yìn ní kí n má mu omi wọn láìkọ́kọ́ dà díẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, omi kò ṣe nǹkan kan, ẹran ni kí n sá fún. Ìyá arúgbó kan ní ẹran kọ́, ẹyin ni. Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀wà. Kí a tó dé Ìbàdàn, kò sí oúnjẹ kan tó kù tí mo lè jẹ ní Ọ̀tà àfi èyí tí mo gbé láti ilé, mo sì ti jẹ ẹ́ tán.

Sángò

Èéfín ló kọ́kọ́ kí mi ní Sángò, òórùn bí rọ́bà tó jóná. Mo ti rò pé ìlú iléeṣẹ́ á máa pariwo. Ìdajì àwọn géètì iléeṣẹ́ ni wọ́n tì pa, iwájú wọn ni àwọn ọkùnrin tó ṣì lágbára jókòó sí lórí bíríkì, wọ́n ń wo géètì bí ẹni tó ń dúró de òkú kó jí. Mo súnmọ́ géètì kan láti béèrè ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ti na ọwọ́ sí mi kí n tó la ẹnu.

"Bàbá, nó fékánsì o! Kò síṣẹ́ fún ọmọ yín náà, nó fékánsì!"

Mo sọ fún un pé n kò wá iṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ mi ti kọjá. Ó wo irun orí mi, ojú tì í, ó sì kí mi dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n tún èrò àwọn kan ṣe níbí. A máa ń sọ pé àwọn ará ibẹ̀ kò lọ́wọ̀. Wọ́n ń yára rìn, wọ́n ń kí èèyàn lójú ìrìn, wọn kì í dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ Ráfíù, ọkùnrin kan dìde kúrò lórí bíríkì tirẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé bí òun bá kúrò ẹlòmíràn á jókòó síbẹ̀, ó sì mú mi dé Ọ̀tà, dé ẹnu ọ̀nà ilé tí àwọn ọmọ mi kó lọ nígbà tí agbára wọn kò ká yàrá Sángò mọ́. Ó ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀ o. Ọdún àwọn ìyá ló kù tí à ń retí. Iléeṣẹ́ ti lé wa." Mo fẹ́ bi í bóyá ẹ̀rù kò bà á. N kò bi í, nítorí mo rò pé ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ lè ti di ọ̀kan nínú wọn.

Orí tó wà lórí tábìlì

Bísí kúnlẹ̀ kí mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti rù. Mo fẹ́ gbé e dìde ni ojú mi bá lọ sórí tábìlì ìránṣọ rẹ̀.

Orí kan wà níbẹ̀. Orí igi ni, ó tóbi ju ti èèyàn lọ, wọ́n kùn ún pupa àti funfun, ojú rẹ̀ là kalẹ̀. Lórí rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ obìnrin kékeré kan sí tó jókòó nídìí maṣíìnì ìránṣọ. Wọn kò fi nǹkan kan bò ó. Ọmọ kékeré kan láti yàrá kejì ń fi ìka rìn lórí imú rẹ̀.

Mo bọ́ fìlà mi, mo jù ú lé e lórí. "Bísí! Ṣé orí rẹ kò pé ni? Nǹkan yìí wà níta, ìwọ obìnrin ń wò ó?"

"Bàbá, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Kì í ṣe Egúngún."

"Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Egúngún, wọ́n ń fi í pamọ́ fún wa. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, àwa obìnrin la ń wọ̀ ọ́ fún àwọn ọkùnrin. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Ráfíù ni. Wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀ bó bá ń jó."

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní òwe pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. N kò rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí. Mo rò pé ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń mú ọmọ mi, mo sì ní kó ká ẹrù rẹ̀, pé ní òwúrọ̀ a ó máa lọ.

Ẹ̀yìn mi ni ẹnì kan ti dáhùn. "Kó lọ ká ẹrù, kí ta ló máa rán aṣọ?" Ìyá Sáfù ni, onílé wọn, arúgbó tó kúrú, tí eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti lọ. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣètò ijó ní agboolé náà. Èdè Àwórì ló ń sọ, mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbogbo wa yóò ṣe gbọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá ẹlẹ́ja wá. Mo dúpẹ́, mo ní mo ti yó. Ikùn mi dáhùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Ó wò mí, ó jókòó, ó bu òkèlè nínú abọ́ mi, ó gbé e mì, ó sì ní, "Tíṣà, ẹ jẹun. Ẹran ara yín ti gbó. Bí a tiẹ̀ sè é títí di ọ̀la, kò ní jinná."

Bísí fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo jẹun, mo ń gbàdúrà lórí òkèlè kọ̀ọ̀kan. Ọbẹ̀ náà dára. Ẹni tó bá ní láfún kò tó iyán, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n kó má sọ ọ́ nígbà tí ebi bá ń pa á.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bísí bá mi dá májẹ̀mú. Ó ní, "Bàbá, ọdún ti dé tán. Ẹ dúró kó kọjá. Lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ bá ṣì ní kí n ká ẹrù, n óò ká a, n kò ní jiyàn."

Mo gbà. Ọmọ mi kì í da ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Aṣọ àwọn obìnrin

Mo wá rí ohun tí wọ́n rọ̀ mọ́. Ọkùnrin kan tó ń kó àlejò kiri láti Èkó ti wo ijó wọn lọ́dún tó kọjá. Ó ní òun á kó òyìnbó wá lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá dùn mọ́ wọn, á máa kó wọn wá lọ́dọọdún, àwọn tó fẹ́ á sì sùn mọ́jú. Ìyá Sáfù ti kùn yàrá tó ṣófo. Àwọn òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ lé ti fi pákó àpótí ẹrù kan àga fún àwọn òǹwòran. Àwọn obìnrin tí ọkọ wọn jókòó sílé ti rẹ ẹ̀wà fún àkàrà, wọ́n ti ra iṣu sílẹ̀ fún dùndú. Bísí ni wọ́n fi aṣọ gbogbo oníjó lé lọ́wọ́. Bí àlejò bá ń wá lọ́dọọdún, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ọdún bá bàjẹ́, kò sí ohun mìíràn.

Aṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe aṣọ ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn obìnrin ìlú ló ń yá oníjó ní gèlè, ìró àti ọ̀já tiwọn. Wọ́n ń mú un wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bísí, kí ọkọ rẹ má làágùn sí gèlè mi o."

"Ẹ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ fún un. Ṣé kó jó láìlàágùn?"

"Kó jó bí àáfà. Ṣebí ọmọ Ìwó ni."

Ráfíù tó ń kírun lọ́wọ́ ní igun yàrá sálámà tán, ó ní òun ti gbọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń ka àdúrà sínú. Ìró tí obìnrin fi pọn ọmọ ni wọ́n fẹ́ wé mọ́ ọkùnrin lára nínú agọ̀. Bí mo ti ń wò ó ni mo ń retí kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ní òru tí wọ́n kọrin Ẹ̀fẹ̀, orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, mọ́jú, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, mo fi ìrọ̀rí di etí.

Ọjà ń mì

Inú ọjà ni wọ́n ti jó, ní ọ̀sán. Àwọn tó wá láti Sángò, Ìjù àti Àtàn pọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìhà tiwa tó wá ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́: Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹdẹ, Ìwó, Òṣogbo. Àwọn òyìnbó jókòó lórí àga pákó, kámẹ́rà lọ́wọ́. Àkàrà ń ta. Mo rí obìnrin kan tó ta gbogbo àwo dùndú àkọ́kọ́ rẹ̀ tó sì sá lọ dín òmíràn. Mo sọ lọ́kàn mi pé, bí kì í bá ṣe ti àwọn ìyá, nǹkan yìí ì bá dára.

Méjì méjì ni àwọn oníjó ń jáde. Ráfíù jáde pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀, orí igi lórí, gèlè àti ìró dí i lára, irin ń dún lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin ń pe orúkọ rẹ̀ ketekete: "Ráfíù! Ọkọ Bísí! Rọra tẹlẹ̀!" Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ni ọkàn mi ń já.

Ó jó títí. Oòrùn mú. Ìwọ̀n aṣọ náà pọ̀, oúnjẹ ilé wọn kò sì tó nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ́. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó wó lulẹ̀.

Bísí sáré wọ agbo. Ó kúnlẹ̀, ó tú gèlè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí orí igi náà kúrò. Ojú Ráfíù hàn níwájú gbogbo ayé, ojú tó funfun, ẹnu tó là.

Ohun tí ìyá mi kọ́ mi ló jáde lẹ́nu mi. "Yéè! Agọ̀ ti ṣí! Obìnrin, ẹ dojú bolẹ̀! Ẹ dojú bolẹ̀ kó má bàa pa yín!"

Ẹ mọ ohùn mi. Òun ni mo fi ń to ilé ìwé lórí ìlà láìlu agogo. Àwọn ọmọ ìhà tiwa gbọ́ ohùn àgbà, ní èdè tí wọ́n fi tọ́ wọn, wọn kò sì dúró béèrè. Àwọn obìnrin wọn fi aṣọ bojú, wọ́n sá. Àwọn ọkùnrin fa ọmọ wọn, wọ́n sá. Àga pákó dojú dé. Agbada epo ṣubú, àkàrà fọ́n sínú iyẹ̀pẹ̀. Àwọn òyìnbó rí i pé èèyàn ń sá, wọ́n sá wọ bọ́ọ̀sì wọn. Èmi sáré dé ọ̀dọ̀ Bísí, mo ju agbádá mi bò ó lórí, mo ń wọ́ ọ. Mo ń dúró de òkò tí wọ́n fi ń lu ẹni tó bá ṣí agọ̀.

Òkò kò dé. Ìyá Sáfù ló dé, ó gbé igbá omi. Ó bu omi sójú Ráfíù, ó gbá a létí pẹ́pẹ́, Ráfíù sì lajú. Ó ní, "Ìyá, ṣé mo ya gèlè?"

"Gèlè wà. Sinmi." Ó gbé ojú sókè. "Ta ló ké?"

"Èmi ni, mà."

Ó wo ọjà. Àwọn ọmọ Ọ̀tà nìkan ló kù, wọ́n dúró, wọn kò lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Lábẹ́ agbádá mi, Bísí ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti pa wá." Kò pariwo, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Mo gbé e lọ́wọ́

Ìyá Sáfù ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ lé wọn, ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n padà. Bí àwa Àwórì bá pè wọ́n, wọ́n á ní a fẹ́ fi wọ́n rúbọ."

Mo lọ. Wọ́n kóra jọ sí etí títì, wọ́n ṣe tán láti lọ. Ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́, ọmọ Ẹdẹ, ló gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ṣì í ni. Ẹ padà wá."

"Ẹ ṣì í? Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká dojú bolẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fetí sílẹ̀. Egúngún ni a mọ̀ nílé, ará ọ̀run ni, a kì í ṣí i. Èyí kì í ṣe Egúngún. Ijó ni wọ́n fi ń bọlá fún àwọn ìyá, obìnrin ló ni aṣọ rẹ̀, obìnrin lè ṣí i. Ẹni tó wó lulẹ̀ ti jí. Ọmọ Ìwó ni. Ebi àti oòrùn ló mú un."

Bí mo ti ń kọ́ wọn, mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi kò tíì gbà gbọ́ tán ni mo ń kọ́ wọn. Ọmọ Ẹdẹ náà mọ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà."

"Ó ń bà mí."

"Ó dáa. Ẹ gbé orí náà lọ́wọ́ ká rí i. Kí ọmọ yín wé aṣọ mọ́ ọkọ rẹ̀ lójú wa. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣì ń mí, a ó wọlé."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà sínú agbo, wọ́n ń tẹ̀ lé mi lókèèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé orí náà. Mo ti rò pé á wúwo, ó fúyẹ́. Ó ń rùn bí ọ̀dà tuntun. Inú rẹ̀ gbóná, ó rin fún òógùn Ráfíù, bí fìlà ẹni tó ti oko dé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kékeré orí rẹ̀ dà bí ẹni tó ń wa maṣíìnì lóòótọ́. Mo gbé e sí àyà. Mo ń retí kí apá mi rọ, kí ojú mi fọ́. Ráfíù ti mu ẹ̀kọ, ó dìde. Bísí wé ọ̀já mọ́ ọn, ó so ìró, ó fa etí gèlè gún, kò yára, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tó ṣe tán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, mo sì gbé orí náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e ka ọkọ rẹ̀ lórí.

A ṣì ń mí.

Ọmọ Ẹdẹ ló kọ́kọ́ wọlé. Ó ní, "Ráfíù ọmọ Ìwó, ìdí rẹ mà tóbi nínú aṣọ yìí o!" Ẹ̀rín bú. Wọ́n tú wọlé, wọ́n gbé àga dìde. Ọ̀gbẹ́ni tó kó àwọn òyìnbó wá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó bá Ìyá Sáfù. Ó ní àwọn àlejò òun béèrè bóyá sísá yẹn wà nínú ọdún.

Ìyá Sáfù kò ṣẹ́jú. "Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọdún."

Ó ní wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá bàbá tó ké yẹn á tún ké lọ́dún tó ń bọ̀.

Gbogbo àwọn obìnrin wò mí. Èyí tí àkàrà rẹ̀ fọ́n sílẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a, mo kúnlẹ̀ ṣa àwo rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀rù yín ti jẹ ọjà mi." Mo bẹ̀ ẹ́. Ó sì lọ rẹ ẹ̀wà mìíràn, nítorí àwọn òyìnbó kò lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n sùn nínú yàrá tí Ìyá Sáfù kùn.

Gáréèjì

Ìyá Sáfù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀rù àwọn ìyá ṣì ń bà yín?"

N kò parọ́ fún un. Mo ní ó ń bà mí.

"Ó ń ba àwa náà. Bí kò bá bà wá, kí la fẹ́ jó fún?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé gáréèjì, kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí mo ti rò ni pé wọn kò bẹ̀rù, pé ewu ti mọ́ wọn lára. Ẹ̀rù kan náà ló wà nínú wọn tó wà nínú wa. Àwa ń fi tiwa dojú bolẹ̀. Àwọn fi tiwọn wé gèlè, wọ́n gbé e jáde sọ́jà ní ọ̀sán, àjèjì sì wá wò ó, ará ìlú sì rí jẹ níbẹ̀ nígbà tí géètì iléeṣẹ́ wà ní títì. N kò sọ pé ẹ̀rù náà kò sí ìdí fún. N kò mọ̀. Ẹni tó bá ní òun mọ̀, kó wá kọ́ mi.

Bísí ti dúró dè mí nídìí ọkọ̀ Ìkìrun. Báàgì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ti ká ẹrù rẹ̀ bó ṣe ṣèlérí, ó wọ bàtà ìrìn-àjò, ojú rẹ̀ pọ́n. Ráfíù dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ọdún ti kọjá. Ohun tí ẹ bá wí ni."

Mo rántí ìyá rẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nílé, tí kò jẹun. Bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yìí lẹ́yìn òní, èmi ni mo gbé orí náà lé e lọ́wọ́. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Okùn òwú ìránṣọ ṣì wà ní ìka rẹ̀. Ó ti ń ránṣọ láàárọ̀ kó tó wá ká ẹrù.

Awakọ̀ yọ orí síta. "Bàbá, ọkọ̀ fẹ́ kún. Àyè ẹni mélòó?"

Mo wo báàgì Bísí.  

"Ẹnì kan," ni mo wí, mo sì yára wọlé sínú ọkọ̀ kí n tó lè yí i padà.